Ìgò wáìnì méjìlá, páànù lórí ilé, iná tí kò dúró: ibo ni kí n kó wọn sí n'Ìkòròdú?

Ará Ìgbógbó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọtí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ní wáìnì nílé, kì í ṣe ti ìnáwó o, èyí tí a ó máa ṣí ní Sátidé tàbí tí àlejò bá yà ni. Ìgò méjìlá ni mo ní lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Ilé yàrá méjì àti pálọ̀ ni, páànù ló wà lórí, iná sì lè lọ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Fíríìjì kan ṣoṣo ló wà, ọbẹ̀ àti ẹja ló kún un.

Ṣé inú fíríìjì ló yẹ kó wà ni àbí kí n tò ó sórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀? Ṣé òótọ́ ni pé bó bá ṣe ń pẹ́ ló ṣe ń dára sí i, kí n kúkú rà á pamọ́ kí owó tó gun? Kí ni kí n yẹ̀ wò lára ìgò kí n tó sanwó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí mi ò mọ ìyàtọ̀ Merlot sí Moscato.

Olùtọ́jú Ọtí:

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fi ti fíríìjì sílẹ̀ ná, orí ooru ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Dígírì 12 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wáìnì ń fẹ́ tó bá máa pẹ́ nílé. Lọ́dọ̀ wa ńbí, bí oṣù kejì bá ti wọlé, ọ̀sán lè gun 33 níta, yàrá tó wà lábẹ́ páànù tí kò ní sílíìnì sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wáìnì bá wà ní 25 sókè fún oṣù mélòó kan, á gbó kọjá ọjọ́ orí rẹ̀, òórùn èso tútù inú rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Bó bá kọjá 30, ńṣe ló ń sè nínú ìgò. Ẹ ṣí irú ìgò bẹ́ẹ̀, á máa rùn bí èso tí wọ́n gbé kaná pẹ̀lú ṣúgà. Tó bá jẹ́ funfun, àwọ̀ rẹ̀ á ti máa pọ́n lọ bíi tíì.

Ohun kejì ni ooru tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Wáìnì tó wà ní 26 tọ̀sán-tòru sàn ju èyí tó wà ní 20 lóru tó tún gun 32 lọ́sàn-án. Ìdí ni pé ohun olómi máa ń wú tó bá gbóná, bó ṣe ń wú ló ń ti kọ́ọ̀kì síta díẹ̀díẹ̀. Bó bá tutù padà, á súnkì, á sì fa afẹ́fẹ́ wọlé gba ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀kì. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ba ọtí jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa gbé ìgò kan náà wọ fíríìjì, kí ẹ tún máa gbé e jáde ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bó bá ti wọlé, kó dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi mu ún.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ kò dáa rárá, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ìmọ́lẹ̀ ń ba wáìnì jẹ́, pàápàá èyí tó wà nínú ìgò tó mọ́ gaara bíi ti rosé, wáìnì aláwọ̀ pínǹkì. Oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé lè mú kó máa rùn bí ewébẹ̀ tó ti rà, iná gílóòbù tó ń tàn síi lójoojúmọ́ náà á sì ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé e sórí fíríìjì, ó ń gbọ̀n, ooru ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gòkè. Ilé ìdáná kò ṣe é fi í sí nítorí gáàsì. Orí wọ́dúróòbù náà kọ́, ibẹ̀ ló sún mọ́ páànù jù. Ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń lù, ẹ sá fún un, torí búlọ́ọ̀kù máa ń mu ooru sára lọ́sàn-án tí á sì máa tú u sínú yàrá títí di òru. Ẹ má sì jẹ́ kó wà nítòsí jẹnẹrétọ̀.

Ibi tó kù ni ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí kọ̀rọ̀ kan ní àárín ilé tí ògiri rẹ̀ kò kan ìta. Ẹ má fi ojú lásán yàn. Ẹ ra tẹmómítà ara ògiri kan, kò wọ́n. Ẹ fi sí ibi kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méjì méjì, kí ẹ máa kọ ohun tó bá sọ ní aago 7 àárọ̀ àti aago 3 ọ̀sán. Ibi tí ìyàtọ̀ àárọ̀ sí ọ̀sán bá ti kéré jù, ibẹ̀ ni kí ẹ kó wọn sí, kódà bí ibòmíràn bá tutù jù ú lọ láàárọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú páálí wọn, kí ẹ gbé páálí náà sínú kúlà ńlá tó ní ìdérí, tàbí kí ẹ fi fóòmù funfun tí wọ́n ń dì mọ́ tẹlifíṣọ̀n yí i ká. Fóòmù kò ní mú kó tutù o, ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán kò ní tètè wọlé, títí ilẹ̀ á fi ṣú tí yàrá á tún fi rọ̀. Ẹ fi pákó tó ga tó ìka méjì sábẹ́ páálí tí kò bá sí nínú kúlà. Ilẹ̀ wa ń fa omi, ikán sì fẹ́ràn páálí.

Ìgò oníkọ́ọ̀kì, ẹ dà á dùbúlẹ̀, kí ọtí máa rin kọ́ọ̀kì kó má gbẹ. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ Ìkòròdú ní omi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí kọ́ọ̀kì kò ní tètè gbẹ, ọyẹ́ oṣù kejìlá sí oṣù kìíní ló máa ń gbẹ ẹ́. Èyí tó ní ìdérí onírin tí wọ́n ń fi ọwọ́ lọ́, ẹ lè gbé e dúró. Ṣaḿpéènì náà lè dúró, gáàsì inú rẹ̀ ń jẹ́ kí àyè òkè ìgò rin. Bí lébẹ̀lì bá hu èéhù nítorí ọ̀rinrin, ẹ má bẹ̀rù, kò kan ọtí inú rẹ̀.

Ọmọ Fíríìjì:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ooru dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀rọ kún un, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Fíríìjì ilé máa ń wà láàárín 3 sí 5. Fún wáìnì funfun, rosé àti ṣaḿpéènì tí ẹ máa mu láàárín oṣù méjì, kò burú. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ inú fíríìjì gbẹ, á gbẹ kọ́ọ̀kì, òórùn ẹja náà á sì máa wá ọ̀nà wọlé. Àmọ́ wàhálà tiyín gan-an ni iná. Fíríìjì tí iná lọ lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá, tí àwọn èèyàn sì ń ṣí i, lè kúrò ní 4 kó gun 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó tún sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìlọsókè-sódò tí ẹ̀gbọ́n ní kí ẹ sá fún náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ dín in kù, ẹ má jẹ́ kí fíríìjì ṣófo: ẹ fi ìgò omi kún àyè tó bá ṣẹ́ kù, omi tútù máa ń di òtútù mú pẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ má gbé wáìnì sí fírísà kí ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó lè di yìnyín, á wú, á ti kọ́ọ̀kì jáde tàbí kó fọ́ ìgò. Bí ìkánjú bá wà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó, kí ẹ sì ṣètò aago fóònù yín.

Àwọn kan ń ta fíríìjì kékeré tí wọ́n ṣe fún wáìnì nìkan. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíi fíríìjì ilé. Èkejì kò ní, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré. Èyí tó dákẹ́ yìí kò lágbára ju kó mú inú rẹ̀ tutù ní dígírì 10 sí 15 ju yàrá lọ. Ní ìlú olótùútù, ó ṣe é lò. Nínú yàrá tó wà ní 32, bó ti ṣe dáadáa tó, 17 sí 22 ló máa bá a dé, kò sì ní sinmi látàárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ bá máa rà, oníkọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ fi àyè tó tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ooru rí ibi gbà, ẹ fi sítábíláísà sí i, èyí tó ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó gba iná wọlé. Bí iná bá lọ tó sì dé lẹ́ẹ̀kan náà, gáàsì inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò tíì rọlẹ̀, mọ́tò á fi agídí gbìyànjú láti yí, ibẹ̀ ló ti ń jó.

Ẹnì kan á ti máa ronú ìkòkò amọ̀ báyìí. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló sọ ìkòkò-nínú-ìkòkò di ohun tí ayé mọ̀: ìkòkò kékeré nínú ńlá, yanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa ni, àmọ́ ilẹ̀ gbígbẹ ló bá mu. Omi tó ń gbẹ kúrò lára yanrìn ló ń gbé ooru lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà níbí, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, omi yanrìn kò ní ibi tó máa gbẹ lọ. Àyàfi lásìkò ọyẹ́, kò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo máa ṣe pẹ̀lú irú iná tí ẹ sọ: mi ò ní ra méjìlá. Mẹ́rin sí mẹ́fà ni mo máa rà, kí wọ́n tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí n tó ra òmíràn.

Ìyá Ọlọ́jà Ṣàbó:

Mo fara mọ́ mẹ́fà yẹn. Ọ̀rọ̀ "bó bá ṣe ń pẹ́" ti jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn lówó. Ìwọ̀nba wáìnì ló ń dára sí i bó ṣe ń gbó, wọ́n sì ti ṣe irú wọn fún un látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wọ́n gidi. Èyí tí ó pọ̀ jù lórí ṣẹ́ẹ̀fù wa, kí èèyàn mu ún ní tuntun ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wo ọdún tó wà lára lébẹ̀lì, ọdún tí wọ́n kórè èso àjàrà náà ni. Funfun àti rosé, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọdún méjì sí ọdún yẹn. Pupa tí kò wọ́n, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ rántí pé oṣù kejì sí ìkẹrin ni wọ́n ń kórè ní Gúúsù Áfíríkà, ilẹ̀ Faransé sì di nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, nítorí náà ti Gúúsù Áfíríkà fi bí oṣù mẹ́fà dàgbà ju ti Faransé lọ bí ọdún ara wọn tilẹ̀ dọ́gba. Bí kò bá sí ọdún lára rẹ̀, àdàlù ọdún púpọ̀ ni, ẹ mu ún láìpẹ́.

Ká tó wá dé ìdí ìgò. Ẹ wo ibi tí wọ́n tò ó sí kí ẹ tó wo ìgò fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó gbé wáìnì sójú gíláàsì tí oòrùn ń wọ̀, tàbí tó kó páálí sí ìta lábẹ́ tapólì, ẹ kọjá lọ, iye yòówù kó jẹ́. Bí ẹ bá ti gbé ìgò, ẹ fi ọwọ́ ra orí rẹ̀. Kọ́ọ̀kì tó ti yọrí sókè tó ń ti ìbòrí, tàbí ìlà ọtí gbígbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lọ́rùn ìgò, ooru ti ti í jáde nìyẹn. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: ọtí gbọ́dọ̀ ga dé inú ọrùn ìgò. Tó bá ti lọ sí èjìká ìgò, tí kò sì pẹ́ tí wọ́n ṣe é, ó ti ń jò. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ ẹni tó kó o wọlé, àti nọ́ńbà ìpele tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú L lọ́pọ̀ ìgbà. Lébẹ̀lì tí wọ́n lẹ̀ wọ́, tí àṣìṣe wà nínú sípẹ́lì rẹ̀, tàbí ìbòrí tí ó dà bíi pé wọ́n tún un dè, ẹ dá a padà. Bí owó rẹ̀ bá fi púpọ̀ dín sí ti ibòmíràn, ẹ béèrè ìdí.

Ihò jíjìn tó wà nídìí ìgò kò sọ pé ọtí dára. Ìwúwo ìgò náà kò sọ ọ́.

Ní ti adùn, ibí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti ń kábàámọ̀, wọ́n ra Merlot, wọ́n ní ó kan, wọ́n ní ayédèrú ni. Kì í ṣe ayédèrú. Merlot, Cabernet Sauvignon, Shiraz, Pinotage, pupa ni gbogbo wọn, ṣúgà wọn kò tó nǹkan, wọ́n sì máa ń fa ẹnu pọ̀ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tútù. Cabernet ló ń fà á jù nínú wọn, Merlot rọ̀ díẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀dá Pinotage, Abraham Perold ló so igi Pinot Noir àti Cinsaut pọ̀ ní Stellenbosch lọ́dún 1925. Moscato, èso olóòórùn dídùn ni, ó sábà máa ń dùn, ọtí rẹ̀ kéré. Ti Asti ní Ítálì ń wà ní nǹkan bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí pupa gidi ń wà ní 13 tàbí 14. Nọ́ńbà ọtí yẹn gan-an lè tọ́ yín sọ́nà: wáìnì tí kò dé 9, ó ṣeé ṣe kó dùn. Bí ẹ bá rí "Natural Sweet" lára ìgò, dídùn ni. Lára ṣaḿpéènì àti irú rẹ̀, "Brut" kò dùn, "Demi-Sec" ló dùn. "Extra Dry" máa ń tan èèyàn, ó dùn ju Brut lọ díẹ̀.

Kẹ́yìn, kì í ṣe gbogbo ìgò tó jọ wáìnì ni wáìnì. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá síbi ìkómọ, omi èso àjàrà oní-gáàsì ni, 0.0 ló wà lára rẹ̀. Kò sí ọtí tó máa dáàbò bò ó, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ni kí ẹ tẹ̀ lé, bí ẹ bá sì ti ṣí i, inú fíríìjì, kó tán láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Bí ẹ bá lọ sí Èkó lọ rà á, òun ni kí ẹ rà kẹ́yìn. Búùtù ọkọ̀ tó dúró sí oòrùn lè kọjá 50, ẹ sì mọ bí gosílóò Mile 12 ṣe máa ń pẹ́ tó. Inú ọkọ̀ níbi tí ẹ̀yin náà jókòó sí ni kó wà, nínú kúlà.

Ará Ìgbógbó:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun màmá. Mẹ́fà ni màá rà nígbà náà, pupa méjì, funfun méjì, Moscato kan, Brut kan. Ó ku ìbéèrè méjì. Tí mo bá ṣí ìgò tí kò tán ńkọ́? Wọ́n sì máa ń ní kí èèyàn mu pupa ní bó ṣe wà nínú yàrá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni níbí?

Olùtọ́jú Ọtí:

Yàrá tí wọ́n ń sọ yẹn kì í ṣe yàrá tiwa. Yàrá ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ ni, 16 sí 18. Bí ẹ bá bu pupa tó wà ní 30 sínú ife, ẹ̀mí ọtí nìkan ló máa gún yín nímú. Ẹ gbé e sí fíríìjì fún wákàtí kan sí ọ̀kan àbọ̀ kí ẹ tó mu ún. Funfun, wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí iná kò bá sí, ẹ bu omi àti yìnyín dọ́gba sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí i, ẹ ri ìgò náà dé ọrùn. Ìṣẹ́jú 20 ti tó. Yìnyín lásán láìsí omi máa pẹ́ jù, torí omi ló ń fara kan gbogbo ara ìgò.

Ìgò 75cl jẹ́ ife márùn-ún oní 15cl, nítorí náà ó máa ń ṣẹ́ kù lóòótọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dé e padà lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e sí fíríìjì lóòró, pupa náà pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré tó mọ́, kó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pa. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe kéré lókè ọtí tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì ní 30, lọ́jọ́ kejì á ti máa kan, lẹ́yìn rẹ̀ ọtí kíkan ni. Port, wáìnì dídùn tí wọ́n fi ọtí líle kún, tí ọtí rẹ̀ tó 19 tàbí 20, lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú fíríìjì. Wáìnì inú páálí tó ní ẹnu ẹ̀rọ bí omi ńkọ́? Ẹ má fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀: ọ̀rá inú rẹ̀ ń súnkì bí ẹ ṣe ń bù ú, afẹ́fẹ́ kò wọlé, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Fún ẹni tó ń mu ife kan lálẹ́, òun ló dáa jù níbí.

Bí ẹ bá rí ohun bí iyọ̀ nídìí ìgò tàbí lára kọ́ọ̀kì, kì í ṣe gíláàsì, kì í ṣe májèlé. Ásíìdì èso àjàrà ló dì nínú òtútù, ẹ rọra dà á kí ó kù sínú ìgò. Àmọ́ tó bá ń rùn bí páálí tí òjò pa, kọ́ọ̀kì ló ti bà á jẹ́, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú rìsíìtì.

Ìyá Ọlọ́jà Ṣàbó:

Ti oúnjẹ díẹ̀: ata àti pupa tó ń fa ẹnu pọ̀ kì í bára wọn rẹ́, ata á máa ta jù, ọtí á máa jó lọ́fun. Bí ẹ bá se ìkọ́kọrẹ́ pẹ̀lú ẹja tútù àti ata dáadáa, Chenin Blanc, wáìnì funfun, èyí tó dùn díẹ̀, tàbí Moscato yẹn ni kí ẹ ṣí. Kí pupa dúró de ẹran sísun tí ata rẹ̀ kò pọ̀.

Brut tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má ṣí i nígbà tó gbóná. Nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta agbára afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ ló wà nínú ìgò ṣaḿpéènì, ooru sì ń fi kún un. Kó dé 6 sí 8 ná. Ẹ yọ bébà, ẹ tú wáyà pẹ̀lú àtàǹpàkò lórí kọ́ọ̀kì, ẹ má gbé àtàǹpàkò náà kúrò. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó, ẹ dà á díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má kọjú sí ẹnikẹ́ni tàbí gílóòbù òkè. Ẹ di kọ́ọ̀kì mú ṣinṣin, ìgò ni kí ẹ máa yí, kì í ṣe kọ́ọ̀kì. Á jáde pẹ̀lú ìró kékeré bí ẹni mí kanlẹ̀, ọtí kò sì ní dà nù sílẹ̀.